Òyìnbó Yín àti Àwọn Tó Ń Ba Orin Rẹ̀ Jẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Èmi ọmọ yín ni, èyí tí ẹ máa ń pè ní Oníyọnu nítorí pé mo máa ń béèrè bóyá afárá máa já kí a tó dé ibi tí afárá wà. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ẹ fi kú lọ báyìí, ìyọnu ọ̀hún ò sì dín kù. Nínú fúláàtì tí mò ń gbé ní Jakande yìí, ẹni tó wà lókè mi gbé sílíńdà gáàsì sórí àtẹ̀gùn. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kódà nígbà tí kò sí òórùn kankan. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n ní kí n má ronú. Ta ló ń sọ fún ẹja pé kó má lúwẹ̀ẹ́?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ gáàsì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó yín ni, àti ti Rónkẹ́ ọmọ mi.

Mo pè é ní Òyìnbó yín nítorí pé ẹ kì í pe orúkọ ọkùnrin ará England yẹn nílé. "Òyìnbó mi" lẹ máa ń wí, bí ẹni pé ẹ jọ dàgbà ládùúgbò kan náà, bẹ́ẹ̀ ó ti kú kí bàbá bàbá yín tó dáyé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan tẹ dùrù ẹlẹ́sẹ̀ inú pálọ̀, nítorí ẹ ní bàtà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ orin. Orin ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ràn jù. Ohùn ìsàlẹ̀ á máa tún nǹkan kan náà sọ, á lọ, á bọ̀, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ mi ọmọ lórí ẹní. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo á wá máa rìn lókè rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń palẹ̀ ilé mọ́ kó tó lọ sùn. Ẹ ní ọgbọ́n ọkùnrin náà ni pé ó mọ ohun tí kò yẹ kí òun kọ. Nígbà èwe mi, n kò mọ ohun tí ẹ ń wí. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, nítorí mo ti gbọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè lọ. Ó kéré tán, etí yín bọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Rónkẹ́ mú mi lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Lekki níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ orin Òyìnbó yín. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fún mi ní òtútù àyà. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé jáde wá pẹ̀lú kóòtù tó nírù lẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó dijú, ó wá ń gbọn ohùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀! Àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ Ṣàngótẹ̀dó ní Ajah mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti mí jù ú lọ. Obìnrin tó tẹ̀ lé e ní ohùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ohùn ara rẹ̀ ló ń gbádùn, kì í ṣe orin. Gbogbo ibi tí Òyìnbó yín fi sílẹ̀ lófìfo ló lọ fi ọ̀ṣọ́ dí, bí ẹni tó kó òdòdó onírọ́bà kún yàrá aláìsàn. Àwọn èrò ìwòran ńkọ́? Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin ò tíì dé ìdajì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí gbé fóònù sókè, ara rẹ̀ ló ń wò nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dìde dúró láti yìn wọ́n, àti ẹni tó ti ń sùn.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajah burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí níbẹ̀ wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó burú. Búrọ̀dá Ṣẹ̀san ló ń tẹ dùrù oníná fún wa, ọkùnrin tó ti lọ́mọ, tó ti hewú díẹ̀. Ojú dò kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí orin bá ga jù tàbí tó bá rẹlẹ̀ jù, kì í yí ìka padà. Bọ́tìnnì kan wà lára dùrù náà tó máa ń gbé gbogbo orin sókè tàbí sílẹ̀ fún un, òun á sì máa tẹ ojú kan yẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ orin láti orí dò èyíkéyìí tí a bá dá fún yín! Ọ̀gá akọrin wa rí i, ìlọsíwájú ló pè é. Wọ́n tún lọ fi dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ orin Òyìnbó yín. Àwọn aláṣọ funfun tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn fara ti tiwa, tí àwọn èèyàn wa ń yínmú sí, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ orin wọn pa pọ̀, wọ́n á sì parí rẹ̀ pa pọ̀. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tiwa?

Rónkẹ́ nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ṣì ń wọ pátá nìkan kiri ilé nígbà tí ẹ gbé e lé itan, tí ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohùn yìí kígbe. Nígbà tó dàgbà, tó bá ń dá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ni mo máa ń wò kí ìdùnnú mi má baà hàn lójú. Lẹ́yìn náà ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iṣan ohùn wà nítòsí ibẹ̀, pé ó lè fara gbá. Ó fara gbá. Ohùn tó padà wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tó ti ń ta aṣọ ọmọdé, àtẹ́wọ́ ló fi ń pe oníbàárà. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ń wọ aṣọ, ó ń tò wọlé pẹ̀lú wọn, ó ń la ẹnu, kò sí nǹkan kan tó ń jáde. Èmi tí mò ń wo ọ̀fun rẹ̀ láti orí ìjókòó mi nìkan ló mọ̀.

Ẹ wá wò ó, Bàbá. Ọ̀gá akọrin kéde ìrọ̀lẹ́ orin, Rónkẹ́ sì délé wá sọ fún mi pé òun ló máa kọ orin ìrọ̀lẹ́ Òyìnbó yín.

"Ọ̀fun wo lo fẹ́ fi kọ ọ́?"

"Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí náà."

"Wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín o."

"Ṣebí gbogbo wọn lẹ̀yin náà ń fi rẹ́rìn-ín? Ẹ kà mí mọ́ wọn."

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "Bàbá, bí mo bá tiẹ̀ gbó bí ajá lórí pẹpẹ, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa sọ pé mo ṣe dáadáa. Wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Ẹ̀yin ni ẹ ò lè purọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ orin. Tí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ sọ fún mi. Tí ẹ bá ní kò dáa, mo máa dá aṣọ akọrin padà, mo máa jókòó sáàárín ìjọ bíi ti gbogbo èèyàn. Ó ti sú mi kí n máa lanu lásán."

Ṣé ẹ rí ẹrù tó gbé lé mi lórí? Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti jẹun kánú. Mo ra orógbó fún un, mo ra oyin, mo tún bẹ̀rù pé oyin náà lè jẹ́ ṣúgà tí wọ́n sè. Mo ní kó má mu omi tútù, kó má jókòó síwájú fáànù. Mo lọ bá ọ̀gá akọrin pé kó gbé dò sílẹ̀ fún un dáadáa, kí orin náà bọ́ sí ibi tí ohùn rẹ̀ kù sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wòrí, a ti sẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹ̀." Mo mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n sẹ́ẹ̀tì.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa lọ sí Ajah, omi ń wọlé sí wa lẹ́sẹ̀, mo sì ń ka Sáàmù sínú. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ jó. Wọ́n yin Olúwa títí gbogbo aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wọn lára, Búrọ̀dá Ṣẹ̀san sì ń fi bọ́tìnnì rẹ̀ gbé orin sókè, ó tún ń gbé e sókè sí i, àwọn èèyàn ń pariwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Rónkẹ́.

Búrọ̀dá Ṣẹ̀san gbàgbé láti dá bọ́tìnnì náà padà.

Ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ti ga kọjá ibi tí ọmọ mi lè dé. Etí yín ni mo jogún. Rónkẹ́ na ọrùn sí ohùn àkọ́kọ́, ó já mọ́ ọn lẹ́nu. Ikọ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ọ̀gá akọrin gbójú sókè, ó ń ka pákó àjà. Ni obìnrin kan bá ké pé, "Jésù, ràn án lọ́wọ́ o!" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún ẹni tó ti ṣubú. Kò sí ohun tí mo kórìíra tó àtẹ́wọ́ yẹn láyé.

Rónkẹ́ gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

"Búrọ̀dá Ṣẹ̀san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀."

"Ah, sísítà, ẹ má bínú. Ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá, sà. Ẹ sinmi."

Ó dá dò tirẹ̀ sínú, nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ lóun nìkan. Kò sí dùrù, kò sí dúrọ́ọ̀mù. Ó ṣe mí bíi kí n gbé ohùn ìsàlẹ̀ fún un láti ibi tí mo wà. Ẹnu mi ti là. Mo pa á dé. Ó ní kí n gbọ́ ni, kò ní kí n ran òun lọ́wọ́. Ohùn náà ṣókùnkùn, ó sì há. Ó dé ibì kan, ó pòórá, èémí lásán ló kù níbẹ̀. Kò fipá wá a. Ó dúró dè é, nígbà tó padà dé, ó ń bá a lọ. Àwọn aláṣọ funfun lu agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò yára nítorí wọn. Kò fi ọ̀ṣọ́ kankan dí ibi tó ṣófo. Kò tiẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ tó máa fi dí i. Bàbá, n kò lè wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó parí, wọ́n pariwo bí wọ́n ṣe máa ń pariwo fún gbogbo nǹkan. Ọ̀gá akọrin gba máìkì, ó ní áńgẹ́lì ló kọjá láàárín wa. Kí ni òun mọ̀ nípa áńgẹ́lì?

Nígbà tí a délé, Rónkẹ́ bu ìrẹsì fún mi, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì.

"Ó yá, Bàbá. Mò ń gbọ́."

Bí mo bá yìn ín, á ní mo káàánú òun. Bí n kò bá yìn ín, á dá aṣọ padà. Mo ní, "O mí níbi tí kò yẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ò jáde rárá. Ohùn tó o ní tẹ́lẹ̀ ti lọ, Rónkẹ́. Mi ò rò pé á padà mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ orin yẹn sí mi létí mọ́."

Ó ní kí n jẹun, pé ìrẹsì ń tutù.

Bàbá, ṣé òtítọ́ ni mo sọ fún un, àbí ìfẹ́ ló dí mi létí? Ká ní ẹ wà níbẹ̀, kí lẹ̀ bá wí? Mò ń bi ara mi láti àná. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fọ aṣọ akọrin rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sá a sórí okùn níta, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ojú ọ̀run ti ṣú báyìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ ká a wọlé kó tó tutù, nítorí ó máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Èmi tí mo ṣì ń fetí yín gbọ́ràn,
Ọmọ yín, Oníyọnu.