Àgbò ni Yóò Dúró De Mutmainah

Ní orúkọ Ọlọ́run Ọba Aláàánú. Èmi, Sànní Afọlábí Ọláwuyì, ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Ẹsẹ̀ ni ó ń dùn mí. Orí mi pé. Ẹni tí ó bá ní n kò mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ wádìí ohun tí n kò fún un. Làtífátù, àbúrò mi, ni yóò mú un ṣẹ.

1. Òfin ẹ̀sìn ti pín ilé àti ilẹ̀ mi. Ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó fi sí mi lọ́wọ́ ni mò ń pín níhìn-ín.

2. Ọkọ̀ kékeré mi di ti Làtífátù. A ti jà lórí rẹ̀ tó, ó borí.

3. Aago ara ògiri mi: kí àwọn ọmọ mi yòókù yọ̀ǹda rẹ̀ fún Mubashir, akọ̀wé báńkì, ọlọ́gbọ́n tí kì í fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí ó rí i pé Mutmainah ọmọ rẹ̀ ti ń ka Àlùkùránì ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó fún un ní olùkọ́ lẹ́sìnnì àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́. Mo kí i. Ọmọ ń sáré, baba tún ń fi pàṣán ràn án lọ́wọ́. Pákó tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó fi kan ọkọ̀, ojú omi ni yóò ti dójú ti ẹni.

4. Àgbò oníwo ńlá tí Mubashir fà wá láti Ìkòròdú, tí ó fi ta mí lọ́rẹ kí n lè fọwọ́ sí wòlímọ̀, àpèjẹ àṣeparí Àlùkùránì ọmọ náà, mo fi fún Mutmainah. Ẹ wo ètò àwọn ọ̀làjú: baba ti dájọ́, ó ti tẹ káàdì ìpè, ó ti ra àgbò, ìwé kíkà nìkan ni ó kù. Ọmọ ọdún méje sì jókòó ti Súrà Yásínì láti ìgbà ààwẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Baba ní ó ti ya ọ̀lẹ. Mo bi ọmọ. Ó ní, “Bàbá àgbà, mo lè kà á tán lónìí. Ohun tí ó ń sọ ni mi ò tíì gbọ́ tán.” Irú ọ̀lẹ báyìí, kí Ọlọ́run fi kún un fún wa.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pọ́n ọ̀bẹ títí Mutmainah yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ṣe tán. Bí ó bá sáré, ẹ yà fún un. Bí ó bá dúró, ẹ bá a fún àgbò ní èèpo iṣu. Bí àgbò bá sì darúgbó kú kí ọmọ tó parí, ẹ sin àgbò. Ẹ má ṣe bá ọmọ wí.

Mo fọwọ́ sí i ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Èbìbí, ọdún 2006.

Sànní Afọlábí Ọláwuyì

Ẹlẹ́rìí: Agnes Mojúbàolú, aládùúgbò mi.
Ẹlẹ́rìí: Ààfáà Sàláwù, olùkọ́ Mutmainah ní ilé-kéwú, ẹni tí itan àgbò kan ì bá tọ́ sí, tí ó sì fọwọ́ sí i síbẹ̀.