Ìlọ́po Méjì Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èmi onígbàjámọ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, alága ẹgbẹ́ àwa tí à ń fárí, ni mo sọ èyí. Ara mi ò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ní mò ń ṣarán, kó wá jẹ́ kí n fá irùngbọ̀n rẹ̀ wò. Àbúrò mi télọ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kó pín ogún mi.

1. Ilé di ti ìyàwó mi. Yàrá ẹ̀yìn ń jò. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń sọ ọ́. Mo gbọ́, mi ò kàn dáhùn ni.

2. Ewúrẹ́ méjèèjì di ti àbúrò mi. Kó má bú mi mọ́ nítorí ilẹ̀ bàbá wa.

3. Ṣọ́ọ̀bù, àga onírin, abẹ àti jígí ńlá di ti àkọ́bí mi obìnrin, tó jogún ọwọ́ mi, tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó tọ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, eyín ń ro mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Kí àwọn oníbàárà lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ìlọ́po méjì ni owó irun lónìí. Háà! Ńṣe ni wọ́n tò. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì fi dé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti kọ tiwọn, ẹgbẹ́ sì sọ ọ́ dòfin ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tíṣà kan ṣàlàyé fún wa pé bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ó ní bí òjò ni, kò sẹ́ni tó ń rọ̀ ọ́. Wọ́n fi mí jẹ alága torí pé mo mọ ojú ọjà. Mo panu mọ́.

Ọmọ mi ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ní iye kan náà lòun ó máa gbà lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn ní ẹni tó bá ń fárí ní pọ́ọ́kú, ọwọ́ rẹ̀ ò lè dáa. Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ọmọ mi, dárí jì mí. Eyín ni, kì í ṣe ọjà.

4. Kí akọ̀wé ka ẹsẹ kẹta sí ẹgbẹ́ létí, kí wọ́n sì fagi lé òfin náà. Mo ti sọ ọ́ fún un rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni mí tí mo fi lè dá òfin ọjà sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo pa ìlọ́po méjì náà rẹ́ lára ilẹ̀kùn mi. Oníbàárà kan ṣoṣo ló yà, ó bi mí bóyá abẹ mi ti kú.

5. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àfi amòfin tó kọ ìwé yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ò lè ṣe é ní iye ti àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Mo san ìdajì. Ẹ bá mi san ìyókù.

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n (ó ti ń gbọ̀n)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Ẹlẹ́rìí: Aládùúgbò mi tó ń tún aago ṣe
Ẹlẹ́rìí: Tíṣà ọjọ́sí (ó fọwọ́ sí i, kò gbà á gbọ́)