Ọ̀gbẹ́ni Fígàn, Àna Mi

Ọmọ mi Abẹ́rẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń rí oorun sùn bó ṣe yẹ, ṣé ìlú ńlá yẹn kò fi ariwo rẹ̀ di ọ́ létí? Àwa níbí kò kú, a kò rùn, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló máa ń bá a jiyàn bó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, ìyá rẹ ló sì máa ń borí. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, kó ṣí fún ọ. Ẹni tí o bá pè, kó dá ọ lóhùn. Ọmọ mi, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ láti kọ àdúrà kejì yẹn, torí èmi gan-an lo ti ń pè láti oṣù mẹ́rìnlá tí mi ò dá ọ lóhùn, bẹ́ẹ̀ o ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣẹ̀. Jókòó dáadáa, mo fẹ́ ro ẹjọ́ ara mi.

Àmọ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé, kí ọ̀rọ̀ má baà wúwo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti kun ìsọ̀ ẹran mi ní funfun, ajá wa ti fọ́ lójú kan ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ṣì mọ ibi tí mo ń da egungun sí, báńkì sì ti fún mi ní káàdì pẹlẹbẹ kan. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ni mo bá fi ẹnu ọ̀bẹ ha gbogbo nọ́ńbà náà dànù kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, akọ̀wé báńkì wò ó títí, ó bi mí pé ta ló ṣe irú èyí, mo ní èmi ni, mo rò pé yóò yìn mí. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Ìwọ náà sì mọ bí ọwọ́ alápatà ṣe máa ń rí láàárọ̀. Wọ́n ní láti lọ wá fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Ọjọ́ tí o pè yẹn, òjò ń rọ̀, mo ń fi ayùn gé egungun, ohùn rẹ sì ń já bí okùn tó ti gbó. Ohun tí etí mi gbé ni pé o ní o ti di Fígàn, ó ti pé oṣù mẹ́ta, o kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìlà já. Mo gbé fóònù sórí tábìlì ẹran, mo sì dúró bí òpó. Ṣé bí ọmọbìnrin bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti di ẹnìkan, kí ni bàbá yóò rò? Ìyá rẹ náà di ẹni ilé wa lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ẹ. Mo ní ó tán, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fígàn ti fẹ́ ọmọ mi láti oṣù mẹ́ta, kò yọjú sí mi, kò bi mí ní hẹn tàbí ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá rẹ ní bóyá ipò tuntun ni wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́. Mo ní kó dákẹ́, pé èmi mọ orúkọ ọkùnrin bí mo bá gbọ́ ọ.

Mo gbé fóònù lọ bá atúnfóònù-ṣe, mo ní n kò fẹ́ kí ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ mi títí inú mi yóò fi rọ̀. Ó tẹ nǹkan méjì, ó ní ó ti parí. Ní báyìí inú tèmi ti rọ̀, ti fóònù ni kò rọ̀. Atúnfóònù-ṣe ti kó lọ sí ìlú mìíràn, mo sì ti bẹ fóònù náà, mo ti pa á, mo ti tan án, mo ti gbé e sójú oòrùn, ó ṣì ń bá ọ bínú. Òun kan ṣoṣo náà sì ni èmi àti ìyá rẹ jọ ń lò. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn.

Ìbínú yẹn wà nínú mi títí di oṣù tó kọjá, tí èmi àti ìyá rẹ lọ ra ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà nídìí ibùdókọ̀. Obìnrin kan ló ni ín, Aláwò Méjì la ń pè é, torí ó máa ń fi awò kan sójú, á fi ìkejì sórí, á sì máa wá ẹ̀kẹta kiri. Ìyá rẹ wà nídìí ọṣẹ, èmi wà nídìí fíríìjì, torí mo fẹ́ mọ irú ẹran tí wọ́n ń tà. Mo rí sọ́séèjì mẹ́fà tí wọ́n tò sínú ọ̀rá, tó pọ́n dáadáa, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan sí i lára. Mo bi Aláwò Méjì pé báwo ni wọ́n ṣe ń pè é. Ó ní Fígàn.

Abẹ́rẹ́, orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo wo ọ̀rá kejì, Fígàn. Mo wo páì tí wọ́n ti sè sílẹ̀, Fígàn. Bísíkíìtì, Fígàn. Wàrà inú páálí, Fígàn. Ṣíìsì tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín búrẹ́dì, Fígàn. Áísìkiriìmù pàápàá, Fígàn. Mo ní háà, àṣé ọlọ́rọ̀ ni àna mi! Kí n má purọ́ fún ọ, ìbínú oṣù mẹ́tàlá yọ́ lójú ẹsẹ̀ bíi bọ́tà nínú páànù gbígbóná. Mo pe ìyá rẹ, mo ní kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó gun òrùlé. Mo sọ fún Aláwò Méjì pé àna mi ló ni gbogbo ọjà yìí. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń ṣe wọ́n rí, mo ní èmi náà ò tíì rí i, ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, mo sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo fi ojú iṣẹ́ wò wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gé ẹran, ẹran kì í purọ́ fún mi. Mo la sọ́séèjì náà sí méjì, mo wá ọ̀rá, n kò rí. Mo wá iṣan, n kò rí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àna wa ní irú màlúù kan tí kò ní egungun, tí kò sì ní wàhálà. A dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó sì dùn, n kò ní fi bò. Àwòrán ọkà ló wà lára páálí wàrà, mo ní ohun tí wọ́n ń fún màlúù náà jẹ nìyẹn, ìyá rẹ sì fi mu tíì ife méjì. Ṣíìsì rẹ̀ nìkan ló ṣe mí bákan, ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi bí ìwé ìkéde ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àmọ́ àna ẹni kì í ṣe gbogbo nǹkan láṣeyanjú. Ti páì, wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná. A kò ní irú ẹ̀ nílé, ni mo bá gbé e padà lọ bá Aláwò Méjì, ó gbé e sínú tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń yí páì káàkiri lábẹ́ iná bí ẹni tó ń fi ẹ̀wù tuntun ṣe fáàrí. Mo ṣí fìlà fún un.

Ibi tí mo ti wá ṣìnà pátápátá rèé. Wọ́n tẹ ọjọ́ kan sí ẹ̀yìn ọ̀rá sọ́séèjì náà. Mo mú un lọ bá télọ̀ ìdúgbò wa, ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ tó sì lẹ́nu ju ìwé lọ, ó ní ohun tí wọ́n kọ ni pé kó tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún. Mo ní áà, Fígàn ti dá ọjọ́ tí yóò wá kí wa! Ẹni tó bá ń tijú àna rẹ̀ ló máa ń fi ọgbọ́n ránṣẹ́ báyẹn. Mo ní kí télọ̀ rán aṣọ tuntun fún mi. Kó tó gba ìwọ̀n apá mi tán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Títí di ọjọ́ kẹtàlélógún, a kò rí ẹnì kankan. Nígbà tó wá di ọjọ́ kẹrìnlélógún, mo ti ìsọ̀ pa. Mo wọ aṣọ tuntun, mo jókòó sí pálọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Ìyá rẹ to bísíkíìtì àna wa sínú àwo, kó lè mọ̀ pé a ń jẹ ẹ́. Télọ̀ ti dé láti aago mẹ́jọ, ó ní òun wá wo bí aṣọ ṣe bá mi mu. Ní aago mẹ́wàá ó bi mí pé ṣé ọ̀nà jìn ni. Ní ọ̀sán ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé mo ní àna. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti jẹ bísíkíìtì tán, ó sì lọ sọ ìyókù fún aráyé.

Ọjọ́ kejì, mo mú ọ̀rá òfìfo náà lọ bá Aláwò Méjì, mo ní kó bá mi sọ fún ẹni tó ń gbé ọjà wá pé kó sọ fún Fígàn pé bàbá ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Obìnrin náà ṣí awò ojú, ó ṣí ti orí. Ó ní kí n jókòó lórí páálí. Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, pé Fígàn kì í ṣe orúkọ èèyàn, pé ẹni tí kò bá jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja, kò jẹ ẹyin, kò mu wàrà màlúù. Mo ní sọ́séèjì yẹn wá ńkọ́? Ó ní ẹ̀wà ni. Mo ní páì ńkọ́? Ó ní olú ni. Mo ní wàrà? Ó ní ọkà ni wọ́n lọ̀. Mo ní ọjọ́ kẹrìnlélógún ńkọ́, ó ní kí a ti jẹ ẹ́ tán kó tó di ọjọ́ náà ni, kó má baà bàjẹ́. Ibẹ̀ ni kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fíríìjì mú.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rìn wálé, mo sì mú lẹ́tà rẹ tó dé ní oṣù kẹfà kúrò lẹ́yìn àwòrán ògiri. N kò ṣí i rí, torí n kò fẹ́ rí orúkọ ọkùnrin náà. Mo kà á fún ìyá rẹ sókè. O ní ṣé torí pé o kò jẹ ẹran mọ́ ni bàbá rẹ ṣe kọ̀ ọ́, o ní o mọ̀ pé ẹran la fi tọ́ ọ, ẹran la fi rán ọ nílé ìwé, àti pé kì í ṣe pé o fojú di iṣẹ́ mi. N kò lè kà á parí. Ìyá rẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì dì í mú.

Rárá o, ọmọ mi. Rárá. N kò kọ̀ ọ́ rí. Mo rántí ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí o bọ́ ẹ̀wù rẹ, o fi bo àgbò kan lójú kó má baà rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà. Bí mo bá gbọ́n ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti mọ irú ẹni tí mo bí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, èmi wá fi òsì ti ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí, mo sì gbàgbé pé mo ní ọ̀tún. Má bínú sí mi.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Aláwò Méjì ti jọ ń tajà. Apá ọ̀tún ìsọ̀ mi, ẹran. Apá òsì, sọ́séèjì ẹ̀wà, ó ní pákó tirẹ̀, ó ní ọ̀bẹ tirẹ̀, mo sì fi aṣọ funfun pààlà sáàárín. Télọ̀ ra ọ̀kan láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó padà wá ra méjì. Ó ní ti ìyàwó òun ni, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá yọ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí n lè ra fíríìjì kékeré kan, torí n kò fẹ́ kí oúnjẹ rẹ máa sùn pẹ̀lú ẹran. Bó bá ṣẹ́kù, ẹ̀rọ tó ń yí páì náà wu ìyá rẹ. Má fi gba inú báńkì o, káàdì tuntun kò tíì dé. Kọ gbogbo ohun tí o ń jẹ sínú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣẹ̀ ọ́. Àmọ́ bí owó kò bá sí, ìwọ ṣáà máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà. Ohun tí o bá jẹ yóò di ara, yóò di ẹ̀jẹ̀, yóò di ayọ̀. Ọ̀nà rẹ yóò tutù títí ọjọ́ alẹ́. Tí o bá sì dé, ọmọ mi, má dúró kí mi níwájú ìsọ̀, inú ilé ni kí o wọ̀ tààrà, kí n wá bá ọ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé màá sunkún díẹ̀, bí àwọn oníbàárà bá sì rí alápatà tó ń sunkún, wọn á ní ẹran ti tún wọ́n.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.