Omi tí mo tú sí oko wa, Asabe ni wọ́n lé lọ

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe Asabe. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, òjò ti wá dé báyìí, kò sì kúrò níbẹ̀. Tí mo bá ń jẹun ó wà níbẹ̀, tí mo bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun ó wà níbẹ̀... Mi ò lè sọ ọ́ ní àdúgbò, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá bá yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kabusa l'Abuja níbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Messenger ni ọkọ mi ní ministry kan, ọmọ mẹ́ta ni a bí. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé, mi ò mọ ẹnì kankan. Asabe (kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an) ni aládùúgbò wa, Gbagyi ni, ọmọ onílẹ̀, opó tó ní ọmọbìnrin méjì. Òun ló mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, òun ló kọ́ mi ní Hausa tí mo fi ń ná ọjà. Ọjọ́ tí mo ń rọbí ọmọ mi kejì, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, Asabe ló gbé àpò mi lé èjìká, bí àwọn obìnrin wọn ṣe máa ń gbé ẹrù, ó wá fi ọwọ́ kejì dì mí mú títí a fi dé clinic. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mo ṣe é sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn Kabusa kì í ṣeré. Omi mímu gan-an wọ́n, ká má tíì wá sọ ti oko. Àwọn kan wá kó àwa obìnrin mẹ́wàá jọ, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa, wọ́n kọ́ greenhouse fún wa, ilé ọ̀rá funfun kan báyìí tí a ń gbin tòmátò, kùkúńbà àti lettuce sí. Omi tí a bá fi wẹ̀, tí a bá fi fọṣọ, tí a bá fi fọ abọ́ nílé kò gbọdọ̀ ṣòfò mọ́. Páìpù ń kó o láti ilé wa wá sínú dúrọ́ọ̀mù ńlá kan, láti ibẹ̀ ló ń gba inú filter kọjá, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti èédú, kó tó dé ìdí ohun ọ̀gbìn. Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Omi ilé ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Omi tí a fi fọ napkin ọmọ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Lóṣooṣù kí á fọ yanrìn, kí á pààrọ̀ èédú. Èmi ni wọ́n fi filter yẹn sí lọ́wọ́. Asabe ni wọ́n ní kó máa fi omi kànga fọ ohun tí a bá ká.

Kí n má parọ́, ó tún ayé wa ṣe. Àwa tí a máa ń jókòó wo ojú òjò, àwa la wá ń ká tòmátò nígbà tí koríko gbogbo ti gbẹ. Àwọn alásè hotel ń wá bá wa nílé. Asabe dá àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà sí school. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn tó ń gán aṣọ school wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀...

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ọmọ mi kẹta pé oṣù mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ó ti rẹ̀ mí. Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi fọ yanrìn, mi ò pààrọ̀ èédú, mo kàn ń sọ fún wọn pé mo ti ṣe é. Filter bá dí. Omi ò ṣàn mọ́, ó wá ń kán tó, tó, tó. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò ṣe iṣẹ́ mi, ni mo bá yọ páìpù kúrò lára filter, mo so ó tààrà láti inú dúrọ́ọ̀mù mọ́ ti oko. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, mo ń fọ napkin ọmọ mi, mo sì ń da omi rẹ̀ síbi tí à ń da omi ìfọṣọ sí, torí ọmọ wà lẹ́yìn mi, ibi tó yẹ kí n dà á sí jìnnà. Mo mọ̀ o. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ẹ ò ní bá mi wá àwáwí síbẹ̀.

Ọjọ́ Friday a ká lettuce àti kùkúńbà, gbogbo wa pín díẹ̀ lọ sílé. Àwọn ọmọ mi fẹ́ jẹ kùkúńbà, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ rí i? Mo gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ tèmi, mo wá jẹ́ kí àwọn tó kù gbé tiwọn lọ. Nígbà tó fi máa di Monday, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti wọ ilé mẹ́rin. Chairlady wa, Màmá Olùkọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dé hospital, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọdún mẹ́ta ló le jù fún. Mo lọ wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ náà kó lè fa omi sí i lára, kò rí i, ọmọ náà ò tiẹ̀ lè ké mọ́. Ọlọ́run yọ ọ́. Àmọ́ mo ti rí ojú ọmọ yẹn.

Kí ìpàdé tí wọ́n pè lórí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fọ yanrìn, mo ti pààrọ̀ èédú, mo ti so páìpù padà. Ẹnikẹ́ni tó bá wo filter, ó ń dán. Ẹnì kan wá ní kànga tí Asabe ń lò sún mọ́ ṣáláńgá, bóyá òun ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ojú kọ sí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Màmá Olùkọ́ ò gbọ́ Hausa kọjá sannu àti yauwa, wọ́n bá ní kí n túmọ̀. Asabe sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun fọ gbogbo rẹ̀, pé òun fi iyọ̀ sí omi náà, pé àwọn ọmọ òun méjèèjì ń mu nínú kànga yẹn lójoojúmọ́, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èmi, tí ó dúró tì lọ́jọ́ ìrọbí, mo yíjú sí wọn, mo ní, “Ó ní òun ò mọ ohun tó fà á.” Gbólóhùn kan. Ó ń wò mí lẹ́nu, ó ń mi orí, ó rò pé mò ń gbèjà òun...

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi ebè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò pẹ́, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mpape, òkúta ni wọ́n ń fọ́ níbẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, “Ọmọ yẹn ò kú. Ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀. Ṣé kí wọ́n lé ìwọ náà ni, kí á wá máa jẹ kí ni?” Báyìí, àwọn tó kọ́ greenhouse ti padà wá, wọ́n yẹ filter wò, wọ́n ní àwọn ò rí èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n máa lọ kọ́ àwọn obìnrin Karmo àti abúlé mìíràn. Ọkọ mi ti sọ ọ́ ní ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mpape. Mo ní lónìí mo máa sọ ọ́. Mo bá a lórí òkúta, òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọ tó yẹ kó wà ní school lásìkò yẹn. Ó fi àkísà di ìka rẹ̀ méjì. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó ní, “Kai, ƙawata,” ọ̀rẹ́ mi nìyẹn o, ó dì mọ́ mi, ó ní èmi nìkan ni mo tíì wá wo òun. Mo jókòó tì í lórí òkúta. Òun ló wá ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ro ó títí, ó ní bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, bóyá òun ò fọ ọwọ́ òun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Bá mi bẹ Màmá. Sọ fún un pé mo gbà, èmi ni mo ṣe é. Ká ní ọmọ yẹn kú ńkọ́? Kí ó dárí jì mí.”

Mo sọ fún un pé màá bá a bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ní Sunday tó ń bọ̀, Màmá Olùkọ́ máa pe gbogbo wa jọ láti fa iṣẹ́ ẹ̀kọ́ yẹn lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á ti greenhouse náà pa, oúnjẹ obìnrin mẹ́sàn-án á lọ, ọkọ mi ò ní dárí jì mí. Tí mo bá dákẹ́, obìnrin kan á máa gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri ní Mpape, á máa rò pé tòun ni. Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí ni kí n ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ṣé Màmá Olùkọ́ ni, àbí Asabe? Tó bá jẹ́ Asabe... báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?