Ìkúnlẹ̀ Sàfíyà létí òkun

Ọjọ́ Jímọ̀, oṣù Ṣàábánì, 1956. Etí òkun Jídà, ilẹ̀ Lárúbáwá.

Inú ọkọ̀ akẹ́rù la ó sùn lónìí. Bàbá Sàfíyà fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo tẹ́ ẹní sí i, ó di ilé. Àwọn ìdílé mìíràn pàgọ́ yí wa ká. Atẹ́gùn ibí dára ju ti yàrá wa ní àdúgbò Ghulail nínú ìlú lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Sàfíyà ọmọ mi ò kúrò lọ́kàn mi. Ìlú yìí ni mo bí i sí. Bí mo bá sọ Yorùbá, Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí pé kó máa kúnlẹ̀ kí àgbà.

Lónìí, ìyá àgbà Lárúbáwá inú àgọ́ kejì gbé ẹja yíyan wá fún wa. Kí n tó sọ̀rọ̀, Sàfíyà ti wà lórí eékún, ó ń kí i. Ìyá náà kígbe, "Láà! Láà!" Ó fà á dìde, ó ní a kì í kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá, àfi Ọlọ́run. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò lè bínú sí ìyá náà. Òun náà ló gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ ọmọ mi. Ìkíni lásán ni, ṣùgbọ́n Lárúbáwá mi ò tó láti ṣàlàyé…

Mo ti gbà pé Sàfíyà ò ní kúnlẹ̀ mọ́ láé.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ó gun ọkọ̀ wá bá mi. Ó yọjú wo ìta, ó fa tapólì dé dáadáa, ó wá kúnlẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, Màámi."