Aṣọ Tí Mo Fi Bo Sáfà Rẹ

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Fàòsíyà ọmọ mi,

Asalamu alaikun. O kú iṣẹ́ Èkó o. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ àjókòóṣe yẹn ba ẹ̀yìn rẹ jẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ìwé ni mo kọ torí pé bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, òótọ́ tí mo fẹ́ sọ kì í jáde lẹ́nu mi mọ́.

Kọ̀ǹpútà tí o gbé sí yàrá mi nígbà Iléyá, tí o pè ní sáfà, tí o ní inú rẹ̀ ni ọjà àdìrẹ tí ìwọ àti Usamah ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé, pẹ̀lú orúkọ gbogbo oníbàárà, mo ṣọ́ ọ o. O ní ẹni tí kò bá mọ páásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ dé ibi tí orúkọ wọ̀nyẹn wà, ni mo bá gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó. Bàbá rẹ fẹ́ wọlé mú fìlà ìrun Jímọ̀, mo ní kí wọ́n dárúkọ páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn ni àwọn fẹ́ mi sílé. Mo ní ìyẹn kọ́. Fìlà Ṣéhù àbúrò wọn ni wọ́n yá dé lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó sì ń bò wọ́n lójú.

O tún ní sáfà náà kò gbọdọ̀ kú. Èmi tí mo ti ń rẹ aṣọ láró láti kékeré, ṣé ẹnì kan ni yóò kọ́ mi ní ìtọ́jú ohun tí kò gbọdọ̀ kú? Ìkòkò aró kì í fẹ́ òtútù, a máa ń dé e ni, a ó tún da àpò bò ó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí mo gbọ́ tí sáfà ń mí hùù hùù, mo ní òtútù ń mú un. Mo fi àdìrẹ mẹ́ta àti kúbùsù bàbá rẹ wé e. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ gbóná, mo ní Alihamudulilahi, ó ti ń jinná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dákẹ́.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àtàlátà pé ọjà yín kò ṣí mọ́, tí o bi mí bóyá iná ló lọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Èmi ni. Jọ̀ọ́, má bínú.

Èyí tó tún burú ni pé nígbà tí o ní o ń bọ̀ ní Sátidé láti wá tún un ṣe, inú mi dùn. Oṣù méje nìyí tí mi ò ti rí ọ. Mo ti ra ẹja. Àfi bí o ṣe tún pè láàárọ̀ àná pé Usamah ni yóò wá dípò rẹ. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú tìrẹ ni mo sì fẹ́ rí.

Má fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí. Fi wọkọ̀. Ọlọ́run yóò gbé ọ délé láyọ̀, ọ̀nà kò ní nà ọ́. Bí sáfà náà kò bá tilẹ̀ jí mọ́, ìwọ ṣáà wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù.