Ọwọ́ Bàbá Tó Ń Gbọ̀n Lórí Fọláǹ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Àbíjàn níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Fágbèmí tí ń wa ọkọ̀ ilé wa, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ, mo kí gbogbo agbo ilé ní Àjà Wẹ̀rẹ̀ àti àwọn èèyàn wa ní Màsẹ̀ tí ń kó epo wá sọ́jà. Mo sì kí olùkọ́ ìjọ tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má kà á nínú yàrá. Kí wọ́n kà á ní àgbàlá, níbi tí gbogbo ẹni tó máa ń wọ ọkọ̀ wa ti lè gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ẹ̀mí wọn.

Ara mi le. Òjò ibí yìí kì í dá bọ̀rọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí aṣọ iṣẹ́ mi kò gbẹ. Iṣẹ́ wà ní gáràjì. A gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ṣọ́jà tún ti gbàjọba nílé. Àwa ará Dàhòmì tó wà níbí kò tilẹ̀ jiyàn lé e lórí mọ́, a kàn ń bi ara wa pé ta ló kàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí gáràjì bá tì, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, n kì í rí ẹni bá sọ èdè wa. Owó tí mo fi rán ọmọ ìlú Ṣakẹ́tẹ́ kan sí yín, mo mọ̀ pé kò tó nǹkan. Ẹ fi ra ọṣẹ.

Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní fọláǹ, òbìrí tí awakọ̀ ń dì mú nínú ọkọ̀ bàṣé wa yẹn, ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Wọ́n ní gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá ni, nítorí bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé gan-an nìyẹn. Wọ́n ní tí ọkọ̀ bá ti kọjá Kpulu, tó kọjú sí oko Bàbá ní Màsẹ̀, ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá dé ẹnu oko, á dákẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin, Ìyá mi, máa ń jókòó níwájú lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó gbé ọwọ́ yín lé fọláǹ náà, ẹ ó sì kí ọkọ yín.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo jáde lọ dúró sínú òjò. N kò ní purọ́ fún yín, èmi náà ń rí Bàbá. Nígbà míì tí mo bá wà lábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà, mo máa ń rí ẹsẹ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nínú bàtà aláwọ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ yẹn. Tí mo bá yọrí, kò ní sí ẹnìkan níbẹ̀. Nítorí náà, n kò lè fi ẹni tó bá ní òun rí òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ kì í jẹ́ kí n gba ohun tí ọkọ̀ bá wí láìbi í léèrè.

Ọ̀gá mi níbí kọ́ mi pé tí fọláǹ bá ń gbọ̀n, kí n má tíì mú irinṣẹ́, kí n kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ó ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, àbí nígbà tó bá ń sáré? Ṣé ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ni? Ṣé ọwọ́ awakọ̀ ló ń gbọ̀n, àbí ìdí rẹ̀ lórí ìjókòó? Tó bá jẹ́ ọwọ́, iwájú ni kí n yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ìdí, kí n lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn púpọ̀ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Láti Kpulu sí oko Bàbá ni ọ̀nà ti dán jù, ibẹ̀ sì ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń sáré, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹnu oko ni kòtò wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọra. Ohun tó ń gbọ̀n nígbà eré, tó ń dákẹ́ nígbà ìrọra, táyà tí apá kan rẹ̀ wúwo ju apá kejì lọ ló sábà máa ń jẹ́.

Kí ló wá mú un wúwo? Ọ̀fọ̀ ni. Bàṣé yìí ló gbé òkú Bàbá wálé láti ọsibítù nínú òjò, tó la ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ wa kọjá. Ẹ̀gbọ́n ní bí opó kì í ti í fọ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ ọkọ̀ náà títí a ó fi ṣe ìsìnkú àṣekágbá. Gbogbo yín gbà. Èmi náà kọ̀wé pé mo gbà, ó wú mi lórí pé irin ń ṣọ̀fọ̀ bàbá mi. Ẹ ń dúró dè mí kí n wálé ká lè ṣe ìsìnkú, n kò wálé. Ẹ̀yin fúnra yín ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ọkọ̀ kò tíì bọ́ tirẹ̀. Ẹrẹ̀ náà wà nínú irin táyà, ó ti gan bí amọ̀ ìkòkò, gbogbo òjò tó ń rọ̀ sì ń lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ wa.

Ká ní ibẹ̀ ni lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n parí sí, ǹ bá ní kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ǹ bá sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní láti bí oṣù kan, tí àwọn bá ti yí fọláǹ ní ìyànà ọjà, àwọn ń gbọ́ kọ́, kọ́, bí ìgbà tí Bàbá bá ń fi ọ̀pá kanlẹ̀ tí inú ń bí wọn. Ìyá mi, ẹrẹ̀ kì í ké kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò mi, mo tún irin tó so fọláǹ mọ́ táyà iwájú ní òsì ṣe, lábẹ́ igi obì wa. Nọ́ọ̀tì kan ló di irin náà mú. Gúpíì, irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a máa ń ki bọ ihò, ni kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì náà tú. Bàbá ló bá mi mú gúpíì náà dání. Nígbà tí mo nawọ́ pé kí wọ́n fún mi, ọwọ́ wọn gbọ̀n, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. A wá a títí, a kò rí i. Mo gbójú sókè, mo rí ojú Bàbá. N kò tíì rí i kí ojú ti bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo ní òmíràn nínú àpótí. Irọ́ ni. Mo yọ ọ̀kan nínú àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà kẹ̀kẹ́ wọn, mo fi dè é. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dáa. Mo ní ó dáa. Mo rò pé tí ilẹ̀ bá mọ́, n ó sáré lọ ra ojúlówó ní Pọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Kútọ̀nú ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wáyà kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tó lè pẹ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ yìí, ó ti dípẹtà, ó ti já, nọ́ọ̀tì sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá tú tán, Ẹ̀gbọ́n yóò yí fọláǹ, táyà kò ní gbọ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú. Àwọn obìnrin Màsẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú epo wọn. Ìyá mi, ọwọ́ Bàbá kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bínú sí mi bí ó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà la ka lẹ́tà yìí, kí oníkálukú fẹsẹ̀ rìn. Ẹ fi kírìkì gbé iwájú òsì kúrò nílẹ̀, ẹ di táyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ké kọ́, ẹ ránṣẹ́ pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀ kó wá bá yín nílé. Ẹ má wà á lọ bá a. Lẹ́yìn náà, kí Ìyá mi bu omi, kí wọ́n sì fọ àwọn táyà náà. Ìyá ni opó, àwọn ló lè sọ pé ọ̀fọ̀ ti tán. Ẹ má fi ìyẹn dúró dè mí mọ́.

Mo mọ ohun tí mo ń gbà lọ́wọ́ yín, Ìyá mi. Tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ ó gbé ọwọ́ lé fọláǹ lọ́nà Màsẹ̀, yóò dákẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ sunkún nínú ọkọ̀ tó dákẹ́ ju kí n gbọ́ ìròyìn yín níbí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ọ̀nà kò ní hùwà ibi sí ilé wa, ẹ ó sì fojú rí mi ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tí n kò dárúkọ, kí wọ́n má bínú.

Gúpíì mẹ́ta wà nínú aṣọ tí mo rán mọ́ lẹ́tà yìí. Ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, torí tòun náà ti gbó. Ẹ̀kẹta wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, tí ọ̀kan sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ fún un.

Èmi ni ọmọ yín,
Abíọ́dún